Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Nínú Ìwé

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti sọ ọmọbìnrin náà ní Ìwé-ò-tán. Aṣọ ló ń lọ̀ níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ni tirẹ̀: kọ́là kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà apá, kó tó wá kan ìyókù. Bí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́, á yọ fóònù lápò, á tẹ gbólóhùn méjì mẹ́ta, á tún dá a padà. Bó ṣe kọ odindi ìwé ìtàn nìyẹn o, lórí ìdúró, pẹ̀lú ooru tó ń ru sí i lójú.

“Ìwé-ò-tán, ó ku ewé mélòó?” Obìnrin tó ń fọ aṣọ ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ.

“Ó ti ń tán lọ.”

“Bó o ṣe wí lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ṣé ìwé ni àbí irun orí? Bó o ṣe ń gé e ló ń hù.”

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ẹ̀rù ló ń bà á láti parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wà nínú ìwé náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yìí jáde nílé, òun ló ń bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Apá kan ṣoṣo ló tíì lọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Fún mi bẹ́ẹ̀, àbúrò. Ẹni tí mo fẹ́ lọ rí ò ní wo apá mi. Mò ń bọ̀ báyìí.” Ó gbé e wọ̀, apá kan gún régé, èkejì rún wómúwómú, ó sì lọ. Kò padà mọ́. Wọn ò rí òkú, wọn ò gbóhùn. Ìyá wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, ó kàn gbé àga kan kọjú sí ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbé àga náà kúrò lọ sídìí fèrèsé. Ọjọ́ tó gbé e kúrò ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Nínú ìwé náà, ọkùnrin kan rìn títí, ó padà sílé, ó sì kanlẹ̀kùn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń kàn án gan-an: ko, ko, á dákẹ́ díẹ̀, ko. Ní orí tó gbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò bá ẹnikẹ́ni níta. Ó wo òkùnkùn, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó lọ jẹun. Orí yẹn ló fojú Ìwé-ò-tán rí màbo jù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, títí ó fi dá a lójú pé òótọ́ nìyẹn.

Nígbà tí kò sí ilé ìtẹ̀wé ńlá kankan tó dá a lóhùn, ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Atẹ̀wé kan wà ní ẹ̀yìn òpópónà tí wọ́n ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, ó kún fún òórùn gọ́ọ̀mù àti bébà. Atẹ̀wé ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo fún un, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ délé. Ó gbóòórùn ìwé náà, ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ ṣí i dé ẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ fara balẹ̀ kà á, díẹ̀díẹ̀, ètè ń mì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Àga ti padà sí ojú ilẹ̀kùn.

“Màámi, ẹ ti gbé àga.”

“Ó ti dé ẹnu ọ̀nà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń bọ̀.”

“Ìwé ni, Màámi. Àròsọ ni. Ẹ ò ka ìparí rẹ̀ ni?”

“Ìparí wo? Ó kanlẹ̀kùn. Ìwé sì tán.”

Ó já ìwé gbà, ó ṣí i dé ẹ̀yìn. Lóòótọ́, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó kàn án, ẹ̀yìn ìwé ló sì kàn.

Kò jókòó tó fi gba ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé lọ. Ìdìpọ̀ ewé tó gbẹ̀yìn wà lórí tábìlì níbẹ̀, òkúta lórí rẹ̀.

“Ọ̀gá òǹkọ̀wé, ẹ má bínú,” ni atẹ̀wé wí. “Mo ti ká ewé yìí tán, mo wá ń kà á. Kíkà yẹn ló jẹ́ kí n gbàgbé láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyókù. Ká fi sí i? Ẹ̀rọ ń dúró.”

Ìwé-ò-tán gbé òkúta kúrò lórí ewé náà.

“Tó bá jẹ́ tèmi,” ni atẹ̀wé ní, “màá fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á ò ní lè sùn.”

“Ẹnì kan wà nílé wa tí kò kúkú sùn mọ́. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n yára o.”

Ó kó ewé náà sí báàgì, ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e bọ̀. Bó bá fi sí i, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú ìyá tó bí i. Bí kò bá sì fi sí i, orí àga yẹn ni ìyá rẹ̀ máa gbó sí. Ìyá náà ò gbà kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́.

“Olè ńkọ́, Màámi?”

“Kí ni wọ́n fẹ́ jí? Àga mi?”

Ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nílé, ìyá rẹ̀ wà lórí àga. Ko, ko. Ilé pa lọ́lọ́. Ko.

Ìyá rẹ̀ dìde láì mú ọ̀pá tó fi ń rìn. Ó ṣílẹ̀kùn.

Atẹ̀wé ló dúró síbẹ̀, gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má bínú, ìwé ọmọ yín yìí ò kúrò lọ́kàn mi, mi ò mọ ìgbà tí mo kàn án báyẹn. Mo ní kí n wá gbọ́ èsì ni.”

Ìyá náà wo ojú rẹ̀. Ó wo apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Méjèèjì ló rún.

“Wọlé, ọmọ mi,” ló wí níkẹyìn. “Má dúró síta.” Láì yíjú padà, ó ní, “Ibi tó kù dà?”

“Ibi wo, Màámi?”

“Èyí tó o ń gbé kiri nínú báàgì. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ìwé kì í tán báyẹn ni?”

Ọmọ rẹ̀ kó ewé náà jáde, ìyá kà á lórí ìdúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó kà á tán, ó to ewé náà dọ́gba, ó nà án sí atẹ̀wé.

“Fi sí i. Èmi náà ti ṣílẹ̀kùn, ojú ara mi ni mo fi wò ó. Kì í ṣe òun.” Ó wá gbé àga padà sídìí fèrèsé, kò jẹ́ kí wọ́n bá a gbé e.

Ìwé jáde, ó sì ń tà díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ń fọ aṣọ ra ẹyọ kan, ó ní òun á máa wá orúkọ mìíràn tí wọ́n á máa pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tó kà á ti kọ́ bí ọkùnrin inú ìwé ṣe ń kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá wá sílé láti rà á fún ẹlòmíràn, wọ́n á kàn án bẹ́ẹ̀, ṣeréṣeré: ko, ko. Ko. Ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ ṣí i, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣí i. Ọmọ rẹ̀ á gbé áyọ́ọ̀nù sókè kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, á dá ọwọ́ dúró, á máa retí ohùn ẹni tó wà níta.

Nígbà mìíràn, ohùn náà máa ń pẹ́ kó tó dún.