Òròmọdìẹ Mẹ́fà Tí Mo Pa Ní Búlúù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó dé inú báàfù ìfọṣọ bàbá mi, Ṣómólú kì í ṣe ibi tí ẹ mọ̀ lónìí yìí. Igbó wà lẹ́yìn ilé wa, ọ̀nà oníyanrìn la máa ń gbà lọ sí Onípanu, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ láti apá Bàrígà, ẹ ó gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan létí ọ̀sà. Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Igbóbì ló ń kó aṣọ funfun wá fún wọn, nítorí náà ọṣẹ àti búlúù kì í wọ́n nílé wa. Búlúù yẹn ni wọ́n máa ń pò sómi kí aṣọ funfun lè tàn. Ẹ fi í sọ́kàn o, ẹ̀yin ọmọ mi, torí òun ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá kan máa ń kiri ẹja wá sí àdúgbò wa láti Ìlàjẹ, abúlé àwọn apẹja létí ọ̀sà Bàrígà. Ìyá Aláwọ̀n là ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá tajà tán, wọn á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa, wọn á yọ àwọ̀n tó ti ya jáde, wọn á sì máa tún un hun bí wọ́n ṣe ń bá màmá mi tàkúrọ̀sọ. Títí di òní mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tiwọn. Ojú yín ni wọ́n á máa wò, ìka wọn á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Orúnkún wọn òsì kò dá, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wọ́ láti Ìlàjẹ dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n ráhùn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé àgbébọ̀ pupa kan wá. Orí òpó ni ilé wọn wà, omi ló wà nísàlẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí adìẹ yóò máa tàn. Mo rò pé màmá mi ni wọ́n gbé e wá fún, àfi bí wọ́n ṣe nà án sí èmi.

“Ọma mi,” wọ́n ní, torí ọma ni àwọn ará ọ̀hún ń pe ọmọ, “gbà á, kí o máa bá mi sìn ín. Bó bá pa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, a ó pín in lọ́gbọọgba. Ọmọ mi obìnrin ti lóyún. Tó bá bímọ, nínú tèmi ni màá ti máa se ọbẹ̀ fún un.”

Ẹ wo àgbàlagbà tó fi ohun ìní rẹ̀ lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́! Lóòótọ́, bí èèyàn ṣe ń gba adìẹ tàbí ewúrẹ́ sìn nìyẹn láyé ìgbà náà, àmọ́ àgbà ló ń fún àgbà. Mi ò ní ohun kan tí mo lè pè ní tèmi nígbà yẹn ju síléètì mi lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Adìẹ náà pa méjìlá. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwòdì fi rí wọn. Ẹja tí wọ́n ń sá létí ọ̀sà kì í jẹ́ kí àwòdì jìnnà sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà bàbà lókè ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí pé àwọn kan ládùúgbò máa ń fi aró pa òròmọdìẹ lára kí àwòdì má baà mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ. Aró kò sí nílé wa, búlúù ló wà. Mo jí ẹyọ kan, mo pò ó kó ki, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó sanra jù ni mo kọ́kọ́ mú. Nígbà tí mo pa mẹ́fà tán, búlúù tó kù nínú igbá tó mẹ́fà yòókù dáadáa. Kí n má parọ́ fún yín, ó tó. Ṣùgbọ́n mo dáwọ́ dúró. Mo ní, “Àwọn wọ̀nyí ni tèmi.” Mo sì da ìyókù nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwòdì gbé mẹ́rin nínú àwọn tí n kò pa, kò sì fọwọ́ kan aláwọ̀ búlúù kankan. Bó ṣe ń gbé wọn ni mo ń pariwo, “Àwòdì o! Àwòdì o!” bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ ò rí ìwà ìkà ọmọdé?

Nígbà tí Ìyá Aláwọ̀n dé, mo tètè ké sí wọn kí wọ́n tó bi mí. “Ìyá, mẹ́jọ ló kù. Tiyín ni àwòdì ń gbé.”

Wọ́n wo àwọn òròmọdìẹ, wọ́n wo èmi náà. “Àwòdì yìí mà lójú o,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Wọn ò hun àwọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé igbá ẹja wọn, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà dé, wọ́n ru àwọ̀n ńlá kan. Àwọ̀n tó ti gbó ni, ó sì wúwo débi pé bàbá mi sáré lọ bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ń dùn wọ́n yẹn ni wọ́n fi gun àpótí, tí wọ́n ń so àwọ̀n mọ́ òpó tí bàbá mi ń sá aṣọ sí, tí wọ́n sì fà á dé ara igi máńgòrò. Èmi ni mo ń di etí rẹ̀ mú fún wọn. Mo ń retí kí wọ́n bú mi, wọn ò bú mi. Nígbà tí wọ́n so kókó tó kẹ́yìn tán, wọ́n nu òógùn ojú wọn.

“Ọma mi, àwọ̀n tó bo tìrẹ àti èyí tó bo tèmi, iṣẹ́ kan náà ni.”

Ojú tì mí, ilẹ̀ kò lanu. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwòdì já ṣòòrò wálẹ̀, èékánná rẹ̀ há sínú àwọ̀n, ó jà títí ó fi já ara rẹ̀ gbà, ìyẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò padà wá mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí òjò ńlá rọ̀, ó fọ búlúù dànù, èmi gan-an kò sì mọ èyí tí mo pè ní tèmi mọ́.

Nígbà tí àwọn òròmọdìẹ náà dàgbà tó pínpín, Ìyá Aláwọ̀n ní kí èmi pín in, kí àwọn mú. Mo kó mẹ́fà sọ́dọ̀ wọn, mo fi méjì sọ́dọ̀ mi, mo sì bú sẹ́kún.

“Ìyá, mẹ́fà nìkan ni mo fi búlúù pa lára. Búlúù ṣẹ́kù, mo dà á nù.”

“Mo mọ̀,” wọ́n ní. “Ìka rẹ ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì dúdú fún búlúù.”

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Wọ́n mú mẹ́rin nínú mẹ́fà náà, wọ́n ní ó tó ọmọ àwọn jẹ. Wọ́n gbé méjì tó kù, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

“Méjì yìí, tèmi ni. Máa bá mi sìn ín.”

Èmi náà ni wọ́n tún fún o, ẹ̀yin ọmọ mi! Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn pàtàkì pàdé láyé, mi ò rí èyí tó tóbi tó obìnrin yẹn.

Ayé ti yí. Inú yìnyín la ti ń ra adìẹ báyìí, igi máńgòrò ti di ilé alájà mẹ́ta. Olúkúlùkù ló mọ odi yí ilé tirẹ̀ ká, tó to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, tó gbẹ́ kànga tirẹ̀. Bí olè bá wọ ilé kejì, a ó dúpẹ́ pé kì í ṣe tiwa. Mi ò bá yín wí, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n àwòdì ṣì ń rà bàbà lókè Bàrígà, bí mo bá sì ti gbójú sókè tí mo rí i, ìka mi ni mo máa ń wò.