Ẹ̀rín Tí Mo Lé Jáde Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò lókìkí. Japhet lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Sabina ni gbogbo wa ń pè é. Ará etí òkun lápá Oǹdó ni, ọmọ apẹja, Bariga létí ọ̀sà ló sì ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bajulaiye. Èmi Fọlọ́runṣọ́ ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí náà èmi ló yẹ kí n sọ ọ́.

Kí n tó di ọ̀gá, àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí Bàbá Sabina dá sílẹ̀. Bí a bá ti tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ iṣẹ́ kan jáde, gbogbo wa á kóra jọ, ẹnì kan á kà á sókè. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, fìlà tí a fi bébà àlòkù ṣe ni yóò dé títí di ọ̀sán. Munirat, tó ń ká ìwé pọ̀, á kúnlẹ̀ kí i ní "Kábíyèsí", a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Sabina gan-an ló ń dé fìlà náà jù, pàápàá láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò fi pa mọ́. Á ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé mẹ́ta nìyí àbí mẹ́jọ?" A ó bá a wò ó, iṣẹ́ á sì jáde láìlábùkù.

Ní 1956 wọ́n fi mí ṣe olórí òṣìṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ra táì méjì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi tò, ni Bàbá Sabina bá gbé fìlà bébà kà mí lórí. "Kábíyèsí tuntun," ló wí. Ẹ̀rín sọ. Inú bí mi. Lójú mi nígbà náà, ọ̀gá tí wọ́n lè fi ṣẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá. Mo ya fìlà náà, mo ní kò gbọdọ̀ sí kíkà sókè mọ́, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rín lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni n ó máa yẹ iṣẹ́ wò, n ó sì buwọ́ lù ú.

Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Mo pè é ní ọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ni, èmi òmùgọ̀ yìí. Bàbá Sabina kò bi ẹnikẹ́ni ní mẹ́ta tàbí mẹ́jọ mọ́. Á gbé lẹ́tà súnmọ́ ojú bí ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀, bó bá sì ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, á sọ ọ́ kalẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ràsákì, télọ̀ kan ní Onipanu, wá tẹ ìwé ìpè fún àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù ni àdúrà náà. Kò mọ̀wé, ó gbà wá gbọ́, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Ọ̀yọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún la tẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ààfáà jókòó, ìkòkò oúnjẹ kún, ẹní ṣófo. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àgbà ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ràsákì wá bá wa, kò pariwo. Ó ní, "Ẹni méje péré ló ṣe àmín fún ìyá mi."

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé bi mí léèrè. Mo ní Bàbá Sabina kò gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni. Ó gbé e wá. Mo ń kánjú jáde lọ́jọ́ náà, mo fi pẹ́ńsùlù buwọ́ lù ú láì ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí Bàbá Sabina máa lọ. Bàbá Sabina wò mí. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Fún oṣù mẹ́ta n kò lè jẹun gbádùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan mo lọ bá a ní Bariga. Ó ń tún àwọ̀n ṣe, ìka ló fi ń wá ibi tó ya. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí Sabina ọmọ rẹ̀ gbé Bíbélì wá, ó sì yọ ìwé kan láàárín rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Ràsákì ni, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo bù lù ú.

"Ó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi hàn wọ́n?"

"Fọlọ́runṣọ́, ojú mi ti ń lọ. Bó pẹ́ bó yá, ǹ bá ṣáà kúrò níbẹ̀. Ká ní mo fi hàn wọ́n ni, àwa méjèèjì là bá lọ, ìyàwó rẹ sì lóyún nígbà náà."

Lọ́jọ́ Ajé mo sọ òtítọ́ fún ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé. Ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíì, kí n kọjú sí iṣẹ́ mi.

Mo wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ká tún máa kà á sókè, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín bí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, sà." Àṣìṣe tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Mo fọwọ́ ara mi ká bébà, mo fi ṣe fìlà, mo dé e, mo sì dúró láàárín wọn.

Kò sẹ́ni tó kí mi ní Kábíyèsí. Munirat tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká máa bá iṣẹ́ lọ?"