Ẹ̀yìn Àwòrán Akọ-má-sinmi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan férémù fún Akọ-má-sinmi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ dídùn kì í sì í wọ̀ mí létí. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Àwọn ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni ọkùnrin náà ń kọ̀wé nípa wọn. Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí ni ìyáálé mi." Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní àwọn á máa bá a tẹ̀ ẹ́, kó ṣáà ti máa yin àwọn èèyàn àwọn. Ó ní ẹnu òun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yá lò.

Ó ń kó àwòrán wọn jọ pẹ̀lú. Tí mo bá ti kan férémù tán, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á kọ ọ́ sí pákó ẹ̀yìn: ẹni tó yà á, ibi tó ti yà á, ohun tó sọ. Kò kọ ọ́ síbòmíràn.

Kò pẹ́ tó kú ni ikán yọjú lára ògiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ní kí n tú àwọn pákó ẹ̀yìn ká lè sá wọn sóòrùn. Mo tú ọgọ́rin. Mo to pákó sọ́tọ̀, mo to àwòrán tòun ti férémù rẹ̀ sọ́tọ̀, bí mo ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fàmì sí ìkankan.

Ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Bàbá, èwo ló ni èwo báyìí?"

Mọ́ńdè nìyẹn. Fúráìdè ni ará ilé-ìkàwé ń bọ̀ wá kó àwọn àwòrán náà, wọ́n sì ti sọ pé àwòrán tí a ò bá mọ ẹni tó yà á, àwọn ò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì náà ọkùnrin, tó fẹ́ fi yàrá tí àwọn àwòrán wà ṣe ọ́fíìsì, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ti bá wa parí ẹ̀. Ẹ kó o dànù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba yàrá. Orúkọ àwọn èèyàn lèmi ń wá."

Mo gbé pákó kan, mo wo ihò ìṣó rẹ̀. Ìṣó mi kì í gún régé. Akọ-má-sinmi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìṣó rẹ dà bí eyín ìkókó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún." Nítorí náà, kò sí férémù méjì tí ihò wọn bára mu.

Mo ní, "Ọmọ mi, gbé ìjókòó wá."

À ń fi pákó kan wọn férémù kan, tí ihò ò bá ṣe déédéé, a ó gbé òmíràn. Ẹ̀yìn ń ro mí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì kó tó jókòó tì mí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú láti wọn yàrá. Ó ka pákó tó wà lọ́wọ́ mi: "Ọmọ mi ọkùnrin ló yà á, ọmọ ọdún méje. Ó ní ẹṣin ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Ó gbé tépù sílẹ̀. Ó jókòó. "Èwo ló kàn?"

Ọ̀sán Tọ́sìdeè la parí ẹ̀. Nígbà tí obìnrin ilé-ìkàwé dé, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń kà kó tó wo iwájú. Ó kó mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó mú ẹṣin lọ.

Kó tó lọ, obìnrin náà ní ṣé mo lè tún àwọn ìṣó náà kàn kí wọ́n gún régé.

Mo ní rárá o.