Òórùn Brókólì Ṣúmékà

Kò sẹ́ni tó ń pe Ṣúmékà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń rán bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan láàárín ilé onífọ́tò àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́, orúkọ iṣẹ́ sì ti jẹ orúkọ àbísọ mọ́lẹ̀. Bí o bá wọlé tọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Gọ́ọ̀mù nínú agolo, gọ́ọ̀mù lára àpótí ìjókòó, gọ́ọ̀mù lábẹ́ èékánná ọkùnrin náà. Òun nìkan ni kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti pa imú rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, ó sì pa á pátápátá, débi pé bí eku bá kú sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn wá sọ fún un. Kò ka èyí sí àdánù rárá. Ó máa ń sọ pé ohun tó ń rùn láyé yìí pọ̀ ju ohun tó ń ta sánsán lọ, nítorí náà òun ló jèrè.

Imú tó kú yìí gan-an ló sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ brókólì. Nígbà tí dókítà ní kó máa jẹ ewé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyàwó rẹ̀ ra brókólì, ewé òyìnbó tó ṣù bí òdòdó, wálé, ó sì sè é bí ẹni se ẹ̀wà. Ó fi í sórí iná fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ewé di rẹ́kẹrẹ̀kẹ, ilé gba òórùn kan tó burú jáì, ọmọbìnrin wọn tó wá kí wọn sì gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ṣúmékà nìkan ló jókòó ti ìkòkò, tó jẹ tirẹ̀, tó tún jẹ tàwọn yòókù. Ní ọjọ́ kejì, ó mú èyí tí wọn kò tíì sè, ó sè é fúnra rẹ̀, ó ń wo aago bí olùdánwò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ó yọ ọ́, ó dà á sínú omi tútù, ó jù ú sẹ́nu, ó ń ró kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ eyín rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn, adùn oúnjẹ ti sá fún un tipẹ́. Èyí tó ń dún lẹ́nu yìí, ó gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni se é fún un mọ́. Ní ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò gé aáyù sínú òróró gbígbóná, yóò dúró títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n díẹ̀, yóò da brókólì lé e tòun tomi lára, kó lè pariwo ṣàà, yóò sì fọ́ ẹyin méjì sí i. Igi rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń jù nù, òun a máa bó o bí ẹni bó awọ, a gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, a sì dín in pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata. Ọjọ́ Àìkú ni ti páànù gbígbẹ. A fi òróró àti iyọ̀ pa á lára, a dé e, a sì jẹ́ kí etí rẹ̀ jó dúdú kó tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Àwọn ará ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé kò jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ òórùn rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ti rùn lórí àtẹ̀gùn, wọn a ní, "Ṣúmékà ló tún gbé ewé kaná." Gbogbo wọn a sì rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọkùnrin yìí kan irin pẹlẹbẹ mọ́ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kó má baà tètè jẹ. Bó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò, kò, kò lo máa gbọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, a ti gbé omi sórí sítóòfù, a ti di ìṣáná mú. Bí ìró bàtà bá ti kan àtẹ̀gùn, a ṣáná. Àjà kejì ni wọ́n ń gbé. Kí ọkọ tó gun òkè, kó tó fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́, omi ti ń hó, òun fúnra rẹ̀ a sì da brókólì sí i. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan, kò sẹ́ni tó ń dá ẹnì kan lóhùn. Àdéhùn tọkọtaya tó dùn ún wò ni, èmi náà ìbá yìn ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ brókólì tó kẹ́yìn nínú ilé, ìyàwó rí i pé rọ́bà tó ti ara sílíńdà gáàsì lọ sídìí sítóòfù ti sán.

"Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ ká pe oní-gáàsì o."

Ṣúmékà wo rọ́bà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Oní-gáàsì kẹ̀? Èmi tí mò ń lẹ bàtà ṣọ́jà, tí wọ́n ń fi í wọ́ inú omi, tí kì í ṣí? Gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ìyá ọmọ."

Ó fi sáńpépà ha ojú ibi tó sán, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ó dúró kó gbẹ díẹ̀, ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ó sì fi okùn ìránbàtà dì í tímọ́tímọ́. Iṣẹ́ náà dára lójú. Ó dára débi pé ìyàwó pàápàá yìn ín. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù bàtà kò bá gáàsì mulẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni gáàsì ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Ẹnu sílíńdà yẹn kì í sì í wà ní títì, ṣíṣí ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ọjọ́ Àìkú, ilé ọmọbìnrin wọn ni wọ́n ti jẹun, wọ́n sì di oúnjẹ ọjọ́ Ajé bọ̀ láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó ń gbálẹ̀, ó ní, "Òórùn ewé yín yìí ò kúrò nínú ilé o."

"Ó ti wọ kọ́tìnnì ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Láti Sátidé?"

"Ó fẹ́ràn wa ni. Ìwọ náà, fẹ́ràn rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òtútù dé, wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó, kò dáná rárá, búrẹ́dì ni wọ́n fi panu. Ó tún sọ̀rọ̀ òórùn náà lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo lé e lórí, imú rẹ̀ ti ń mọ́ ọn. Ọkọ ní kó fọ kọ́tìnnì lópin ọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn, nítorí brókólì ti wọ́n lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á fún wọn, ó sì ti di ọjọ́ kẹta tí kò fẹnu kàn án. Àárọ̀ Ọjọ́rú, bó ṣe ń wọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ wí fún un pé:

"Ẹ má pẹ́ o. Wọ́n ní brókólì ti dé. Mo máa lọ rà á lọ́sàn-án, ẹ máa bá omi lórí sítóòfù."

Inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, Onílẹ́tà dé ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin yìí ló ń pín lẹ́tà ní àdúgbò wọn, ó máa ń rìn débi pé bàtà kì í lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá gba bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tí Ṣúmékà tún ṣe, tó sì kan irú irin ti ara rẹ̀ mọ́ ní gìgísẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ó rìn síwá sẹ́yìn, ó ń dún kò, kò, kò.

"Ọ̀gá, mo ti di ṣọ́jà!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ kú ewé o. Mo mú lẹ́tà dé ilé yín lọ́sàn-án, òórùn brókólì yín ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn bọ̀, ó gba gbogbo àtẹ̀gùn kan. Tòní mà le o."

Ṣúmékà rẹ́rìn-ín, ó lu ìṣó kan wọlé. Ó gbé òòlù sókè fún èkejì, òòlù náà sì dúró lókè.

"Lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní nǹkan bí aago méjì."

"Ṣé ìyàwó mi ń se ewé ni?"

"Rárá o. Mo bá màmá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé báàgì lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ ra brókólì náà ni."

Láti ọdún mẹ́wàá tí imú rẹ̀ ti kú, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè tó bi í yìí rí. Ó gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, báwo ni òórùn yẹn ṣe rí?"

Onílẹ́tà rò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bí ẹyin tó bàjẹ́. Bí ewé tó rà. Ó dà bíi… Ọ̀gá, ó dà bíi gáàsì."

Ṣúmékà pe fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Inú báàgì ọjà ló máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Ó tún pè é. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sójú títì láìti ṣọ́ọ̀bù, ó ń sá tòun ti épírọ́ọ̀nù awọ lọ́rùn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò sáré láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní iléèwé. Ẹ̀rù bà á. Gbogbo ohun tó ń wò lójú ọ̀nà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi wé rọ́bà, tí ìyàwó rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí lórí, tó sì yìn ín fún.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò, kò, kò. Ó dúró gbagidi. Bàtà yìí ni obìnrin náà ń tẹ́tí sí lókè. Bàtà yìí ló máa ní kó ṣáná.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà méjèèjì yọ, ó jù wọ́n sí ojú àgbàrá. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé, ó ń gun àtẹ̀gùn bí olè. Sìmẹ́ńtì tutù, kò dún. Ó ti gun ìdajì. Ó ti ń rò ó pé orí ti yọ àwọn.

Nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ọ. Kò, kò, kò.

Onílẹ́tà ni. Ó ti tẹ̀lé e láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú irin tuntun tí Ṣúmékà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ohùn ìyàwó ti inú ilé wá, ó ń dùn. "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá ọmọ! Mo ti ń ṣáná!"

Ó fẹ́ kígbe, èémí kò sí. Ó tún gbìyànjú, ohùn jáde bíi ti ẹran tí wọ́n ń pa. "Má ṣá a! Ìyá ọmọ, mo bẹ̀ ọ́, má ṣá a!"

Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó já wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dúró ti sítóòfù, brókólì ńlá kan nínú abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páálí ìṣáná lọ́wọ́. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ẹnu sílíńdà pa. Ìdì okùn tó dì ní Sátidé ti tú, awọ ti ṣí bí ètè. Onílẹ́tà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ bo imú, ó ń ṣí fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣúmékà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fà á jáde.

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ Ṣúmékà, kò mọ ibi tó ti gún un.

"Kí ló dé?" ni ìyàwó wí, inú ń bí i. "Kí ni mo ṣe tí ẹ fi ń wọ́ mi bí ewúrẹ́?"

"Kò sóhun tí o ṣe. Gáàsì ni. Gọ́ọ̀mù mi ni. Láti ọjọ́ Ajé lo ti ń sọ fún mi, mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ó bú sẹ́kún níwájú Onílẹ́tà, kò nu ojú. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá ọmọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá."

Ìbínú ti kúrò lójú ìyàwó, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ tó ṣì dì ní ìkúùkù láti inú ilé. Ó ṣí i. Igi ìṣáná méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti rin gbindin, orí méjèèjì ti hó kúrò, àwọ̀ pupa wọn ti ràn mọ́ ọn ní àtẹ́lẹwọ́.

"Brókólì ni mò ń fọ̀, ọwọ́ mi tutù," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo ti ṣá méjì kẹ́ ẹ tó kígbe. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ yọ, mo ní kí n kọ́kọ́ nu ọwọ́."