Ọwọ́ Àwọn Tó Ti Oǹdó Dé

"Mú ọwọ́ wá." Bí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ṣe máa ń kí ọmọ tó bá ti Oǹdó dé nìyẹn. Wọn kì í béèrè ohun tó rà bọ̀. Wọ́n á yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ibi tó ti le, wọ́n á wá pòṣé: "Wọ́n mà fẹ́ fi iṣẹ́ pa ọmọ mi."

Kòkó lówó lórí nígbà náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ní Ìlá kò fi bẹ́ẹ̀ gba kòkó. Iṣu ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, ta ló sì ń sanwó gidi fún iṣu? Àwọn ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà kò ríṣẹ́ nílé, oko kòkó àwọn ẹlòmíràn ní Oǹdó ni wọ́n ń lọ ro. Ọmọ ìyá àgbà náà wà lára wọn.

Lẹ́yìn Kérésì ọdún kan, ọ̀gá ìjọba kan ti Ìbàdàn wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ará Oǹdó lówó torí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ ló pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá àgbà dìde, wọ́n fa ọmọ wọn tó wá ṣọdún lọ síwájú.

"Ẹ mú ọwọ́ wá, ọ̀gá." Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀gá lé ọwọ́ ọmọ náà. "Ta ló ń ro oko Oǹdó tí ẹ ń yìn? Èwo ni ọwọ́ ọ̀lẹ níbẹ̀?"

Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó mú áńkáṣíìfù funfun jáde, ó sì fi nu ọwọ́ náà dáadáa níṣojú gbogbo wa.