Ìwé Ìkìlọ̀ Ọjọ́ Àìkú

Ìyá Lọ́yà làwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń pe agbẹjọ́rò tó máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Láàárọ̀ ìgbẹ́jọ́ kan, ọ̀gá aránṣọ tó lé aláboyún kan lẹ́nu iṣẹ́, tíyẹn sì pè é lẹ́jọ́ ìyànjẹ, gbé ìwé ìkìlọ̀ tó ní òun ti fún obìnrin náà tẹ́lẹ̀ lé Ìyá Lọ́yà lọ́wọ́, pé ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyá Lọ́yà wo ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà.

“Ọ̀gá, ọjọ́ Àìkú lẹ ní ó pẹ́. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́jọ́ Àìkú?”

Òógùn bo ọ̀gá. “Ẹ ṣáà bá mi gbé e fún adájọ́.”

“Èmi kọ́! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, òtítọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Ẹ gbà á padà, tàbí kẹ́ ẹ wá lọ́yà mìíràn.”

Akọ̀wé kóòtù ti ń pè wọ́n. Ọ̀gá gba ìwé náà padà, ó sì lọ bẹ aláboyún náà pé kí àwọn parí ẹjọ́ náà láàárín ara àwọn.