Igi Olódòdó ní Ilé Bàbá Sẹ́wánù

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ọyẹ́ ni mo gun ọ̀kadà kúrò nílé wa ní Ẹdẹ lọ sí ibùdókọ̀ àwọn tó ń lọ sí Èkó. Òdòdó ni mo ń lọ já. Màmá Rábíù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló rán mi. Ojú wọn ń ṣú, dókítà sì ti sọ pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò ní pẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun, Àgbádárìgì ni àwọn àti ọkọ wọn ń gbé. Olùkọ́ ni ọkọ náà, ó sì gbin igi kan sí àgbàlá ilé tí wọ́n háyà. Ọkọ ti kú, igi ṣì wà.

Wọ́n ní, "Táófíìkì, bá mi já òdòdó rẹ̀ wá, kí n tún fojú rí i. Ó máa ń pọ́n, wàá mọ̀ ọ́n."

Kí a tó dé Ṣékọ́nà ni awakọ̀ ti bi mí léèrè ibi tí mo ń lọ. Mo sọ fún un pé òdòdó ni mo ń lọ já ní Àgbádárìgì.

"Òdòdó! Gbogbo èyí tó máa ń tàn níwájú Pólì yẹn ò tó yín ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Igi tó ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tanná. Pupa ló ń là, pupa náà ló ń gbẹ sí, ó sì lè wà lórí ẹ̀ka fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ara rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní òdòdó tó pọ́n. Mi ò kọ́ nípa igi ní yunifásítì, ojú mi nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní.

A gba Gbọ̀ngán àti Ìbàdàn, mo sì wọ ọkọ̀ mìíràn ní Máìlì Tú. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà kún fún kòtò débi pé awakọ̀ ń sá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ilẹ̀ wọn kì í ṣe ilẹ̀ pupa bíi tiwa, iyanrìn funfun ni, igi àgbọn ló sì pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ilé Bàbá Sẹ́wánù, ẹni tó fi ilé háyà fún Màmá Rábíù nígbà náà.

"Kúàbọ̀!" ni ìyàwó wọn, Ìyá Sẹ́wánù, fi kí mi. Èdè Ègùn ni, káàbọ̀ tiwa náà ni. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ẹja òkun yíyan fún mi, wọ́n sì la àgbọn tútù lé e. Àgbọn tí à ń fi panu ní Ẹdẹ, wọ́n ní àwọn a máa fi omi rẹ̀ se ìrẹsì.

Igi náà wà lẹ́yìn ilé. Kò ga, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pupa bí epo tuntun. Ìyá Sẹ́wánù ní àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì etí òkun máa ń wá bẹ àwọn pé kí wọ́n tà á fún wọn. Mo ní ó di àárọ̀ kí n tó já tèmi, kó má baà rọ lọ́nà.

"Bó o bá ṣe fẹ́," ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo jí, wọ́n ti gbálẹ̀ àgbàlá, ó mọ́ tónítóní. Òdòdó kún orí igi, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè ni gbogbo wọn. Mi ò rí pupa kan ṣoṣo.

"Mà, àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì ti wá rà á, àbí?"

Ìyá Sẹ́wánù dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Wọ́n wá ra kí ni?"

"Àwọn òdòdó àná. Pupa ni wọ́n. Ìwọ̀nyí kì í ṣe pupa."

"Wọn ò tíì pọ́n ni. Ṣebí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́."

"Èso ló ń pọ́n, mà. Òdòdó kì í pọ́n bí ọsàn."

Bàbá Sẹ́wánù yọ pákò lẹ́nu. "Ìyàwó mi, o gbọ́? Ará òkè ti mú olè lónìí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ìyá Sẹ́wánù kò rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo se oúnjẹ alẹ́ fún ọ, èmi ni n óò wá ta òdòdó ọkọ Màmá Rábíù?"

Ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Orí igi ni mo tún gbójú sí, mò ń wá pupa. Àwọn fúnra wọn ló já òdòdó náà, wọ́n fi aṣọ tútù wé e, wọ́n fi èèpo àgbọn tẹ́ ìdí rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré. "Kí Màmá wa o." Ìyá Sẹ́wánù gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ní Máìlì Tú, mo yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ni. Lẹ́yìn Ìbàdàn, etí rẹ̀ ti dà bí inú máńgòrò tó pọ́n. Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, gbogbo rẹ̀ ti pupa bí epo. Mo tètè bò ó, bí ẹni pé àwọn tí a jọ wọkọ̀ mọ ohun tí mo ṣe.

Ata tó pọ́n lónìí, tútù ló kọ́kọ́ jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé ata pọ́n. Òdòdó yìí náà, ìyeyè ló ń là láàárọ̀, ó ń pọ́n kó tó di alẹ́. Màmá Rábíù kò sọ fún mi pé pupa ni òdòdó náà, wọ́n ní ó máa ń pọ́n. Mi ò rí i nígbà tí ti àná já bọ́, nítorí náà mi ò lè búra pé wọ́n gbá wọn mọ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó tà wọ́n náà, mo sì ti dá ẹjọ́ olè fún ẹni tó gbà mí sílé. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Màmá Rábíù gbé òdòdó kan súnmọ́ ojú wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Mo rí i," ni wọ́n wí. "Táófíìkì, mo rí i dáadáa." Omi bọ́ lójú wọn.

Mo pe Ìyá Sẹ́wánù láti bẹ̀ wọ́n. Kí n tó sọ̀rọ̀, Màmá ti ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo ṣí ohùn fóònù náà síta, gbogbo wa ń gbọ́.

"Ṣé ọmọ mi ò yọ yín lẹ́nu?"

Ìyá Sẹ́wánù ló dáhùn.

"Rárá o, ọmọ tí ẹ kọ́ ni. Ó jẹun, ó sùn, ó dúpẹ́."

Pé mo jẹun, òtítọ́ ni. Pé mo sùn, òtítọ́ ni. Mi ò dúpẹ́.